Orin Tí Kò Gbọdọ̀ Parí

Ènìyàn márùn-ún ló kọ́kọ́ gbọ́ orin mi nínú géèmù, àwọn márààrún ló sì gbé páàdì ọwọ́ wọn sílẹ̀ níbì kan náà. Wọ́n ń gbà á ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Boundary, ní Èkó. Mo jókòó sẹ́yìn wọn, mo ń retí kí ẹnì kan yíjú padà kó kí mi kú iṣẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ nara, ó yán. Ẹnì kejì dìde, ó lọ ra omi inú ọ̀rá. Ẹnì kẹta na páàdì sí ẹnì kẹrin pé òun ti ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó tíì ṣe tán nínú wọn. Tírélà tí wọ́n ń wà ṣì wà lórí ìlà ọkọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ òrukàn, tírélà mìíràn ti fi orí gba iwájú rẹ̀, àwọn olè sì ti gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń tú kọ̀ntẹ́nà láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Tèmítọ́pẹ́, ọmọbìnrin tó ṣe géèmù náà, wojú mi. Ọmọ ìjọ wa ni; èmi ni mo tẹ dùùrù lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un.

“Dádì,” ó ní, “orin yín dùn gan-an, sà. Àmọ́ ó ń lé wọn lọ sílé.”

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀. Akọ̀wé ni mí ní yáàdì onítírélà kan ní Creek Road. Iṣẹ́ mi ni láti pín ọkọ̀ fún awakọ̀, kí n mọ èyí tó ń lọ sí èbúté Tin Can àti èyí tó ti bọ̀, kí n sì máa gba èébú lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tó ń retí ẹrù wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni ti ọjọ́ Ìsinmi: ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti jẹ́ atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Apápá. Olóògbé ọ̀gá akọrin wa ló kọ́ mi. Bàbá yẹn a máa fi rúlà gbá ọmọ ìka tó bá ṣìnà, kò sì sí ẹ̀kọ́ tó ń tẹnu mọ́ tó ẹyọ kan: orin gbọ́dọ̀ délé. Ibi yòówù kí ohùn rìn dé, ó gbọ́dọ̀ padà sí dò. “Ẹ mú un délé,” ni yóò wí, yóò gbé ọwọ́ sókè, a ó fa ìlà tó gbẹ̀yìn, a ó kọ Àmín, ìjọ yóò pa ìwé orin dé, wọn yóò sì jókòó. Kò sí ìgbà kan tí a ní láti sọ fún wọn pé ó ti parí.

Mo ní orin tó tó ogójì tí mo fúnra mi kọ, tí wọ́n wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a kọ wọ́n, lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n ní a kú iṣẹ́, ó tán síbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kó ìlù òyìnbó àti gìtá wá, wọ́n gba orin ìyìn, wọ́n gba orin ọrẹ, orin ìwọlé nìkan ló kù fún mi. Mi ò bínú sí wọn. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, kò sì sí orin mi kan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà ni Tèmítọ́pẹ́ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń ṣe géèmù kan, ọ̀rọ̀ tiwa sì ni. Ẹni tó bá ń ṣe é, awakọ̀ tírélà ni, ó wà lórí ìlà àtiwọ Tin Can. Ó ní láti jẹun, kó lé olè, kó bá àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iwájú rẹ̀, títí yóò fi dé ẹnu géètì. Ìgbà tó bá wọlé ni géèmù parí. Ó béèrè bóyá mo lè kọ orin sí apá ti orí ìlà, torí apá yẹn ló gùn jù. Mo ti gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Mo wá kọ orin alápá mẹ́rin tó dáa, mo fi dùùrù tẹ̀ ẹ́, mo sì mú un délé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo tilẹ̀ rọra fà á níparí. Àwọn ọmọ Boundary tí wọn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí gbọ́ Àmín mi, wọ́n sì gbé páàdì sílẹ̀ bí ìgbà tí ìjọ pa ìwé orin dé. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ká mi lára, ó sì tún fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín.

Kò sí àyè fún ẹ̀rín púpọ̀ ṣá. Àwọn tó fẹ́ bá Tèmítọ́pẹ́ gbé géèmù náà jáde fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí àwọn ènìyàn bá ṣì ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ìlà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á yọ orin mi, wọ́n á fi orin àṣesílẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Ojú ti ọmọ náà nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Mo ní kó má dààmú, pé mo gbọ́, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Tèmítọ́pẹ́ kò fi mí sílẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, ó gbé àga fún mi, ó ní kí n wá gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe. Mo jẹ́wọ́ pé kí ó tó dọjọ́ yẹn, ariwo lásán ni mo ka orin géèmù sí. Ìgbéraga ni. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí àgbẹ̀ kan ń roko, fèrè kan ṣoṣo ló ń dún sí i. Bí òjò bá ti ṣú, fèrè á rọra dákẹ́, ohun èlò olókùn kan á gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí o kò ní mọ ìgbà tí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Òmíràn jẹ́ ti ìjà: akọrin bí ọgọ́rùn-ún ń ké ní èdè tí mi ò gbọ́, bí agbára ẹni tó ń jà bá sì ti ń tán, ohùn wọn ń lọ sókè sí i. Mo ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í ṣe nítorí ìjà o, ohùn kejì wọn ni mo ń tẹ̀lé. Ti géèmù bọ́ọ̀lù kan wá wà, tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta káàdì fóònù àti àwọn awakẹ̀kẹ́ ní Boundary láti ọjọ́ pípẹ́, tí mo rò pé orin rédíò ni.

Nínú gbogbo wọn, mi ò gbọ́ Àmín kankan. Àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní lúùpù: ìdí rẹ̀ so mọ́ orí rẹ̀, ó ń yí po, ẹni tó ń ṣeré kò sì gbọdọ̀ rí ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Ó rọrùn láti sọ. Mo lọ sílé, mo gé Àmín mi kúrò, mo so òpin mọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dán an wò, ńṣe ni àwọn ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń wo bóyá wáyà ti yọ lára tẹlifíṣọ̀n. Orin náà dún bí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lọ tí ẹnì kan fọwọ́ bò lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kan lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì ní yáàdì, Àlàájì Láṣún ń múra àtigbé kọ̀ntẹ́nà lọ sí Tin Can. Àlàájì ni àgbà awakọ̀ wa, ó ju mí lọ ní ọdún mẹ́jọ, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun yẹ ọkọ̀ òun wò. Ó mú ọ̀pá irin kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti táyà iwájú lápá awakọ̀, ó lù ú, ó tẹ́tí, ó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Mẹ́fà lápá kan. Ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá, ó lu mẹ́fà lápá kejì bọ̀ wá síwájú. Nígbà tó pé méjìlá, kò dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń rí i tó ń ṣe èyí, tí mi ò fi etí sí i rí? Mo sáré sọ̀kalẹ̀.

“Àlàájì, kí lẹ ń gbọ́ níbẹ̀ gan-an?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. “Táyà tó yó, ohùn ẹ̀ á le. Èyí tí ebi ń pa, ohùn ẹ̀ á máa wúwo bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Akọ̀wé, etí ni mo fi ń wakọ̀, ojú kàn ń tẹ̀ lé e ni.”

Mo béèrè ìdí tí kò fi dúró nígbà tó pé méjìlá. Ó ní ta ni í dúró? Tí wọ́n bá wà lórí ìlà, ìgbà mẹ́rin, ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni òun ń yí ọkọ̀ po, torí afẹ́fẹ́ ń jò, olè sì ń bẹ. Ìgbà tí èèyàn bá fi dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣe díẹ̀, ohun tó gbọ́ níbẹ̀ lè ti yí padà. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Orin ìlà ni wọ́n ní kí n kọ, mo sì lọ kọ orin ìkórè. Ẹni tó mọ orin ìlà ló dúró níwájú mi pẹ̀lú ọ̀pá irin yìí.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un lù, mo gbé fóònù sún mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ kan fọn fèrè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìgbà kejì, Àlàájì fúnra rẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi tí mo dọ̀bálẹ̀ sídìí táyà pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó bọ́ sí i.

Nílé, mo to àwọn ohùn méjìlá náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin fúnra wọn. Mo fi dùùrù tó rẹlẹ̀ gbè é, mo kùn sí i lábẹ́ bí awakọ̀ tó ń dá ara rẹ̀ lára yá. Ohun kan ṣoṣo ló ń da etí mi láàmú. Táyà kejìlá, ti iwájú lápá ọ̀tún, kò dé dò. Ó kù díẹ̀ báyìí kó débẹ̀. Bí mo ti ń gbọ́ ọ ni mo ń rí rúlà bàbá. Mo bá fi kọ̀ǹpútà gbé ohùn rẹ̀ sókè bín-ín-tín, ó bọ́ sórí dò gérégé, ọkàn mi balẹ̀.

A dán an wò. Àwọn mẹ́ta nínú márùn-ún tún gbé páàdì sílẹ̀. Wọ́n pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mélòó kan, àmọ́ wọ́n gbé e sílẹ̀. Tèmítọ́pẹ́ ní ó ti ń sún mọ́ ọn, sà. Mo mọ̀ pé ó ń tù mí nínú ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù, mi ò sì mọ ohun tó kù tí mo lè yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bá ara mi sọ pé nǹkan ọmọdé ni géèmù jẹ́ tẹ́lẹ̀, pé kí ni mo wá lọ síbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nígbà tí nǹkan bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Àlàájì Láṣún padà láti Tin Can, ó wá béèrè ohun tí mo fi ariwo táyà òun ṣe. Mo ní kó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì, mo fi íyàpíìsì sí i létí. Ó di ojú, ó ń fi ọwọ́ lu itan bí táyà ṣe ń dún. Inú mi ti ń dùn. Bí ó ṣe dé ìparí yíyípo náà, ó yọ íyàpíìsì, ó fajú ro.

“Ta ló fún táyà iwájú mi ní afẹ́fẹ́?”

Mo ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

“Akọ̀wé, mo mọ ọkọ̀ mi. Táyà yẹn gbó ju ẹnì kejì ẹ̀ lọ, mi kì í jẹ́ kó kún dẹ́nu. Èyí tó o fi síbí ti kún jù. Tí mo bá gbé e gun afárá lọ́sàn-án gangan, ó máa bẹ́.”

Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo gbé ohùn rẹ̀ sókè, pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kò dúró dáadáa, kò délé. Ó ní táyà orí ìlà kì í délé, pé tó bá ti délé, kí ló tún ń wá lórí ìlà? Ó ní bó ṣe wà yẹn, kò dáa, kò burú, ó ṣáà ń lọ.

Ká má parọ́, mo bínú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ etí mi, awakọ̀ tírélà wá ń kọ́ mi ní dò. Mo dá a lóhùn pé orin àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ó ní òun gbọ́, ó bá tirẹ̀ lọ láti lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí mo délé, kí n tó bọ́ bàtà, mo tan kọ̀ǹpútà, mo dá táyà kejìlá padà sí bó ṣe wà.

Mo wá gbọ́ ọ. Bí táyà kejìlá ti dún, tí kò dé dò, etí mi fúnra rẹ̀ nà síwájú, ó ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Táyà àkọ́kọ́ sì dún, ó gbà á mọ́ra, ìrìn tún bẹ̀rẹ̀. Ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mi ò mọ̀ pé ó ti tó mẹ́wàá. Ìyàwó mi wá bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo fẹ́ jẹun, ìgbà kejì ni mo tó gbọ́ ọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo rántí bàbá tó kọ́ mi, mo sì ní kó foríjì mí. Ó jọ pé mo ń ṣàìgbọràn sí òkú. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé, ká ní ó wà láàyè, òun náà á ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú mi, á máa retí táyà tó kàn.

Ọjọ́ tí a dán an wò kẹ́yìn, mi ò wo tẹlifíṣọ̀n. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Ẹni àkọ́kọ́ di páàdì mú, ó yí ọkọ̀ po, ó lé olè, ó bá ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jà nítorí àyè, ó tún yí ọkọ̀ po. Ọwọ́ rẹ̀ ò tú. Ti ẹnì kejì ò tú. Ẹnì kẹta, ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ ní òdìkejì ọ̀nà, ṣe é títí oníbàárà rẹ̀ fi wá ń pè é láti ìsàlẹ̀, ó ń dáhùn pé òun ń bọ̀, kò sì dìde. Àwọn márààrún wọ géètì.

Tèmítọ́pẹ́ wá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí sí orin náà. Aránṣọ náà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi.

“Music kẹ̀?” ó ní. “I no even hear any music, abeg. Na that truck dey my mind.”

Tèmítọ́pẹ́ yára yíjú sí mi, ẹ̀rù bà á pé ó máa dùn mí. Ó dùn mí lóòótọ́, fún bí ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń retí kí wọ́n ní a kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ kan gbé mi tí mi ò mọ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìkórè tó dáa jù. Ó ti bá orin mi rìn fún wákàtí kan gbáko, ó gbé e sọ́kàn dé ibi pé kò mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, èsì dé: orin náà dúró. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú géèmù níbi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ sí, mo sì ní kí wọ́n fi ti Àlàájì Láṣún sókè tèmi. Mo ṣì ń pín ọkọ̀ ní Creek Road, mo ṣì ń tẹ orin ìwọlé lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì ń mú un délé, torí ìjọ ní láti jókòó. Tèmítọ́pẹ́ ti ní kí n wá kọ ti géèmù kejì.

Oṣù kejì tí géèmù náà jáde, Àlàájì pè mí láti ojú ọ̀nà Tin Can. Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ lórí ìlà nìyẹn, oòrùn ọ̀sán ń pa á, mo sì ti múra sílẹ̀ de èébú rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní ọmọ òun obìnrin ti fi géèmù náà sínú fóònù òun, òun sì ń ṣe é nínú ọkọ̀. Mo béèrè ibi tó dé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti dé ẹnu géètì láti àárọ̀, tí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún òun, tí òun sì yí orí ọkọ̀ padà lọ sí ìdí ìlà.

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá awakọ̀ tírélà ṣiṣẹ́. Mi ò rí ọ̀kan rí tó dé ẹnu géètì Tin Can, tí wọ́n ṣí i fún un, tó yí padà. Mo ní, “Àlàájì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi yí padà?”

“Tí mo bá wọlé,” ó ní, “orin yẹn á dákẹ́.”